Ọjọ́ tí òjò lé wa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Edinburgh

Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn o, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Bọ́ọ̀sì alájà méjì tí wọ́n ṣí òrùlé ẹ̀ kúrò, èyí tí wọ́n fi ń gbé àlejò kiri ìlú, tẹ́ ẹ bá ti sanwó lẹ́ẹ̀kan ẹ lè sọ̀ níbi tó bá wù yín kẹ́ ẹ wo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò, kẹ́ ẹ tún wọ òmíràn tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá mi ti Abẹ́òkúta wá kí wa ní Newcastle, wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù pé ìlú òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ni mo bá ní ó yá, a ń lọ Scotland, èmi, màmá, àti Dárà ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9.

Fóònù mi ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú pé òjò ń bọ̀. Mo rí i dáadáa. Láti aago 9 àárọ̀ dé aago 7 alẹ́, àwòrán òjò ló tò lọ gbọọrọ, kò sí àyè kankan láàárín. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó rélùwéè, mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo wá ń tan ara mi pé òjò òyìnbó kì í ṣe òjò jàre, wìnnìwìnnì lásán ni, kò ní ààrá, kì í ká páànù ilé onílé. Mo ti gbé ibí pẹ́ tó láti mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Rélùwéè láti Newcastle ò ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ, etí òkun ló ń gbà, mo ti ń fọ́nnu fún màmá pé wọ́n á rí òkun, nígbà tá a fi máa dé Berwick kùrukùru ti gbé òkun mì, màmá kàn ń wo funfun lójú fèrèsé, wọ́n ní "ó dáa, ó dáa", bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí kò fẹ́.

Àwọn ará Scotland ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní dreich, ìparí ẹ̀ dà bíi pé eegun ẹja há èèyàn lọ́fun. Òjò náà ò pọ̀ o, kẹ́ ẹ má rò pé ọ̀wàrà ni. Wàhálà ẹ̀ ni pé kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá, atẹ́gùn orí òkun ló ń gbé e fọ́n síni lójú. Mo ra agboòrùn kan nítòsí stéṣọ̀n, kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí atẹ́gùn fi yí i sódì tí irin ẹ̀ méjì kán. Inú garawa ìdọ̀tí tí mo jù ú sí, agboòrùn mẹ́rin ti wà níbẹ̀ kí tèmi tó dé. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀.

A dé ìdí bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ní ìsàlẹ̀ ṣì láyè, pé kí màmá jókòó síbẹ̀. Mo ní rárá, òkè la fẹ́. Òkè ni mo sanwó fún! Bí mo ṣe rò ó lọ́kàn mi gan-an nìyẹn, pé bọ́ọ̀sì tí mo bá jókòó sísàlẹ̀ ẹ̀ kí ló yàtọ̀ sí dánfó. Ó wá ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ ṣí agboòrùn lókè o, torí ojú àwọn ẹlòmíì. A gòkè, gbogbo àga ló tutù rinrin, mo fi gèlè kan tó wà nínú báàgì nù ún. Màmá wo òkè, wọ́n wo mi, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ki ọwọ́ bọ báàgì wọn wọ́n mú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ra búrẹ́dì lánàá jáde, wọ́n fi dé orí gèlè wọn, wọ́n ta á ní kókó lábẹ́ àgbọ̀n. Dárà bojú. Ìtìjú pa á. Àmọ́ ìyá òyìnbó kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó wo màmá fúngbà díẹ̀, òun náà bá yọ náílọ́ọ̀nù ti ẹ̀ jáde ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín síra wọn, wọn ò sì gbọ́ èdè ara wọn.

Íápíìsì wà tí wọ́n fi ń gbọ́ ìtàn ìlú ní oríṣiríṣi èdè. Màmá ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, Jámánì, Faransé, Ṣáínà, "Ìyá Dárà, ṣé kò sí Yorùbá níbí ni?" Mo ní kò sí mà. Wọ́n ní kò burú, ìwọ náà á máa sọ ọ́. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn lábẹ́ òjò. Ohùn tó wà nínú íápíìsì ní ká wo ọwọ́ òsì wa, ká wo ilé olódi àwọn ọba lórí àpáta, a wo ọwọ́ òsì, kùrukùru ni. Ó ní ká wo òpó Scott, òpó gíga tí wọ́n fi ń rántí òǹkọ̀wé wọn, àtẹ̀gùn inú ẹ̀ jẹ́ 287, a rí bí ìdajì, òkè ẹ̀ ti wọnú ìkùukùu. Mo ń túmọ̀ nǹkan tí mi ò rí fún ẹni tí kò rí i. Kò pẹ́ tí ẹnu mi fi ń gbọ̀n tí mi ò lè túmọ̀ mọ́.

Màmá ló kọ́kọ́ dìde. Wọn ò bi mí. Wọ́n di irin mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwa tá a wà lókè bá tẹ̀ lé wọn bí ọmọ adìẹ. Ìsàlẹ̀ ti kún báyìí, a dúró sún mọ́ra bí ẹja inú agolo, òyìnbó, Ṣáínà, Íńdíà, Ẹ̀gbá, òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ooru ara àti aṣọ tútù wá bo gíláàsì fèrèsé, a ò rí ìta rárá, Dárà fi ìka ya ajá sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ìwòran tí mo ra lówó gọbọi, àwòrán ajá lórí gíláàsì la fi ń wò.

Nǹkan tí mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ rèé: ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí àárọ̀ ọjọ́ náà mọ́, ẹ wo ojú sánmà, kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìkùukùu ká nílẹ̀ láàárọ̀ yẹn. A ti sọ̀ nígbà yẹn, a yà sábẹ́ ìta ṣọ́ọ̀bù kan ní Grassmarket, Dárà bá pariwo "Ẹ wò ó!" Ilé olódi yẹn yọ lókè orí wa, lórí àpáta dúdú ńlá, ògiri ẹ̀ dà bíi pé inú òkúta ló ti hù jáde. Àpáta ọ̀hún, inú òkè oníná ló ti jáde nígbà kan, ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún sẹ́yìn, kí èèyàn tó wà rárá. Màmá gbójú sókè, náílọ́ọ̀nù ṣì wà lórí wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Olúmọ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Wọ́n wá ń ṣàlàyé fún Dárà, nǹkan tí èmi ò tíì rí àyè sọ fún un láti ọdún 9: bí ogun ṣe tú àwọn Ẹ̀gbá ká, bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó wọn wá sábẹ́ àpáta ní 1830, bí àpáta ṣe di ilé àti odi. Wọ́n ní gbogbo ẹni tí ogun bá lé, òkúta ni yóò wá kiri, dúdú o, funfun o. Dárà ń bi wọ́n ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń dá a lóhùn ní Yorùbá, ó yé àwọn méjèèjì. Mo ní ká gòkè lọ wọnú ẹ̀ nígbà náà. Màmá wo títì olókúta tó ń dán fún omi, wọ́n wo orúnkún wọn, wọ́n ní Olúmọ tí wọ́n ṣe líífìtì sí gan-an, mi ò gùn ún mọ́, ṣé èyí ni mo máa wá gùn? Mo ti kọ nǹkan mẹ́sàn-án tá a máa wò lọ́jọ́ náà sínú fóònù mi, ilé olódi yìí ni nọ́ńbà kìíní. Mo pa á rẹ́ níbẹ̀. Inú mi ò dùn o, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ọdún 71 ni màmá, èmi ni mo kọ nọ́ńbà, orúnkún wọn kọ́ ló kọ ọ́.

A wọ ilé oúnjẹ kan. Dárà jẹ píńsà bí ìṣe ẹ̀, màmá ní kí wọ́n gbé nǹkan tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ wá, ni wọ́n bá gbé haggis wá, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà, inú àpòlúkù àgùntàn ni wọ́n máa ń dì í sí nígbà àtijọ́. Mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á ta á nù. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní "Inú ẹran nìyí jàre, wọ́n kàn lọ̀ ọ́ ni." Wọ́n yọ ata gígún wọn tó wà nínú ike kékeré, wọ́n bù ú lé e, wọ́n jẹ ẹ́ tán porogodo. Bí wọ́n ṣe ń lá ṣíbí lọ́wọ́ ni nǹkan dún GBÀÀ! Màmá ké "Jésù!", wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ò tilẹ̀ wòkè. Ìbọn aago kan ni, wọ́n ń yìn ín lórí ilé olódi yẹn ní gbogbo aago kan ọ̀sán, àyàfi ọjọ́ Sunday, ọjọ́ Kérésì àti Good Friday, láti 1861. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Leith ni wọ́n ń ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ aago tó péye kí wọ́n tó ṣíkọ̀. Bọ́ọ̀lù ńlá kan ti wà lórí òkè Calton ṣáájú ìgbà yẹn tí wọ́n máa ń jẹ́ kó já wálẹ̀ láago kan, àwọn atukọ̀ á máa wò ó, ṣùgbọ́n tí kùrukùru bá ti bolẹ̀ ta ló máa rí i? Ni wọ́n fi ní kí etí máa ran ojú lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá, wọ́n ní "Irú ọjọ́ òní gan-an ni wọ́n rò."

Ó tó ogún ìṣẹ́jú tá a fi dúró de bọ́ọ̀sì wa lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó dé, dírẹ́bà na ìka sókè: òkè nìkan ló kù. Gbogbo wa wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. A fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Díẹ̀ díẹ̀, màmá fi apá kọ́ mi lápá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan ni, a máa rìn díẹ̀ a máa dúró.

Lókè níbẹ̀ ni ère ajá kan wà, Greyfriars Bobby. Ìtàn ẹ̀ ni pé olówó ẹ̀, John Gray, kú, ajá náà ò kúrò nídìí sàréè fún ọdún 14 títí òun náà fi kú ní 1872. Àwọn kan ní ìtàn náà ní àbùmọ́ nínú, èmi ò mọ tìyẹn. Màmá ní "Ajá? Ère ajá ni wọ́n ṣe báyìí?" Imú ère náà ti dán yanran torí àwọn àlejò máa ń fọwọ́ pa á fún oríire, àwọn ará ìlú ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó ń ba ère jẹ́. Màmá ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bàbá ẹnìkan báyìí kú l'Ábẹ́òkúta, ọmọ méje ló bí, sàréè ẹ̀ ti di igbó. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Músíọ̀mù ìjọba wà ní ọ̀kánkán ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbọ́ mi, ọ̀fẹ́! Wákàtí méjì tó dára jù lọ́jọ́ náà, ibi tí mi ò san kọ́bọ̀ la ti lò ó. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, irin àti gíláàsì ni òrùlé ẹ̀, funfun báláú, òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gùn lọ sókè, òjò wá ń lu gíláàsì yẹn lókè réré, ohùn ẹ̀ ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́ǹṣì wà láàárín, màmá bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan mọ́, kí èmi àti Dárà máa lọ. Èmi náà bá jókòó tì wọ́n. Dárà ló ń sáré lọ sáré bọ̀ tó ń jábọ̀ fún wa. Òun ló wá fà wá lọ wo Dolly, àgùntàn tí wọ́n bí lọ́dún 1996 nítòsí Edinburgh níbẹ̀, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn mìíràn tó ti dàgbà ni wọ́n fi dá a, òun lẹran ọlọ́mú àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó kú ní 2003, wọ́n wá tọ́jú ẹ̀ sínú gíláàsì tó ń yí pòòyì. Màmá ní ṣé ìbejì wọn ni? Mo ní ó fara jọ ọ́ mà, àmọ́ ọdún ló wà láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ta ló wá lẹ̀gbọ́n?

Mi ò rí èsì fún ìyẹn títí dòní.

Bá a ṣe jókòó ni mo rántí nǹkan kan tí mi ò kọ sínú fóònù rárá. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Edinburgh àtijọ́ wà lẹ́yìn ibẹ̀, ní Teviot Place, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìlú yìí ni Dókítà Obadiah Johnson ti gboyè ìmọ̀ ìṣègùn, MD, ní 1889. Àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ni. Àlùfáà yìí ló kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń fà yọ, ó parí ẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀n, ìwé bá sọnù sọ́hùn-ún, òun fúnra ẹ̀ kú ní 1901. Dókítà yìí ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún gbogbo ẹ̀ kọ, òun náà ti kú kó tó jáde ní 1921. John Randle tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ibi ìlúwẹ̀ẹ́ l'Óníkan náà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Màmá ti wọ bàtà wọn kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Orúnkún ò dùn wọ́n mọ́! A lọ dúró níwájú ilé yẹn nínú òjò, kò sí nǹkan kan láti wò ju ẹnu ọ̀nà àti àwọn ọmọ iléèwé tó ń wọlé tí wọ́n ń jáde, bọ́ọ̀sì àlejò ò dé iwájú ẹ̀ ká sọ pé íápíìsì máa sọ̀rọ̀ ẹ̀. Màmá ní kí n ya àwọn ní fọ́tò. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n bèèrè lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì ìlú la wọ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Màmá fẹ́ fi owó tọwọ́ wọn sanwó, wọ́n nawọ́ pọ́n-ùn mẹ́wàá, dírẹ́bà ní àwọn kì í fúnni ní ṣẹ́ńjì, mo fi káàdì mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú káàdì dání o. Bọ́ọ̀sì alájà méjì lòun náà, òrùlé wà lórí ẹ̀, gíláàsì ńlá wà níwájú òkè, Dárà ní ká gòkè, màmá fúnra wọn ló tún kọ́kọ́ gòkè. A jókòó síwájú pátápátá. A gba Leith Walk lọ sí etíkun, a rí ṣọ́ọ̀bù agérun, ibi tí wọ́n ń ta aṣọ òkú òyìnbó, ìyá kan tó ń fa ọmọ méjì tí ọ̀kan ń sunkún, ọkùnrin tó gbé ajá sínú kóòtù. Màmá ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ẹ̀. Ìwọ̀nba owó táṣẹ́rẹ́ ni, ibẹ̀ la ti rí ìlú.

Nígbà tá a padà, a sọ̀ ní St Andrew Square, torí kò jìnnà sí stéṣọ̀n. Òpó gíga kan wà láàárín ẹ̀, ère ọkùnrin kan lórí ẹ̀, orí ẹ̀ wà nínú ìkùukùu. Henry Dundas ni. Àwo irin kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, mo sì kà á fún màmá. Ní 1792, nígbà tí wọ́n fẹ́ dìbò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀n pé kí òwò ẹrú dópin, òun ló ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: díẹ̀díẹ̀. Kó máa dópin ní díẹ̀díẹ̀. Òfin tó fòpin sí i ò jáde títí di 1807. Àwọn òpìtàn ṣì ń jà lé e lórí, àwọn kan ní ọgbọ́n ló dá, pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbò náà ì bá já pátápátá, àwọn mìíràn ní ìdènà lásán ni. Màmá tẹ́tí sí gbogbo ẹ̀. Òjò ń ṣàn lórí náílọ́ọ̀nù wọn.

"Ọdún 15," ni wọ́n wí. "Ṣé díẹ̀díẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé wọn sínú ọkọ̀?"

Dárà di ọwọ́ wọn mú. A ò sọ nǹkan kan mọ́.

Ìgbà tá a jáde sí Princes Street ni mo gbójú sókè rí aago ńlá orí hòtẹ́ẹ̀lì Balmoral, ọkàn mi já. Aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 29. Rélùwéè wa, aago 6 ààbọ̀ ló ń gbéra. Mo dúró, mo ní "Ó ti lọ", mo ti ń ṣírò iye tí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun fún ẹni mẹ́ta máa jẹ́. Bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn rí ojú mi, ó ní ẹ máa sáré, ẹ máa sáré, aago yẹn fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí ọkọ̀ má baà já èèyàn sílẹ̀. Màmá ò dúró kí n túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n ti rí ọwọ́ bàbá yẹn tó ń nà sí stéṣọ̀n, wọ́n ká ìró wọn sókè, ẹni tí kò lè gun òkè láàárọ̀, òun ló ń sáré níwájú èmi àti Dárà, náílọ́ọ̀nù ń fẹ́ lórí wọn bí àsíá.

Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wa. A jókòó, a ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi ń kán lára wa sórí kápẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ṣì wà lápò mi, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Màmá tú náílọ́ọ̀nù, wọ́n gbọn omi ẹ̀ nù, wọ́n ká a dáadáa ní ìṣẹ́po mẹ́rin, wọ́n fi í padà sínú báàgì, wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn l'Ábẹ́òkúta. "Ìyá Ṣẹ́gun," ni wọ́n wí, "mo ti rí Olúmọ tiwọn o."